Desa Fèrèsé Lọ Wo Iṣẹ́ Ọmọ Ẹ̀

Bí ẹ bá wọ tíráàmù rí ní Belgrade nígbà tí Desanka Marjanović ṣì ń wà á, ẹ ò lè gbàgbé ẹ̀. Kì í sáré, kì í sì í bú èrò ju bí àwọn awakọ̀ yòókù ṣe ń bú wọn lọ. Ọ̀rọ̀ fèrèsé ni tiẹ̀. Nínú ooru oṣù keje, tí ọ̀dà ojú títì ń yọ́, kò ní gbà kí wọ́n ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra. Bó bá ti rí i nínú díńgí pé ẹnì kan ṣí tọ̀tún, tí ẹlòmíràn tún ṣí tòsì, á dá ọkọ̀ dúró, á dìde lórí àga, á sì rìn wá bá yín láàárín èrò.

"Ẹ ti ọ̀kan níbẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ra kíndìnrín yín lọ́jà, ìyá yín ló bí i mọ́ yín."

Àwọn ọ̀dọ́ á rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà á ní òótọ́ ló ń sọ, ẹnì kan á ti fèrèsé kan, tíráàmù á sì tún gbéra. Bó ṣe di Desa Fèrèsé nìyẹn. Títí tó fi fẹ̀yìn tì, orúkọ táwọn èrò mọ̀ ọ́n sí nìyẹn, inú ẹ̀ sì máa ń dùn sí i bíi pé oyè ni wọ́n fi jẹ.

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, Vida lorúkọ mi. Àjà kan náà la jọ ń gbé ní Novi Beograd, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ilé ìdáná mi àti tiẹ̀. Mo mọ ìgbà tó ń sùn, mo mọ ìgbà tó ń jí, mo sì máa ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ẹ̀ kí òun fúnra ẹ̀ tó rántí pé òun gbé nǹkan kaná. Bí mo bá ń bú u nínú ìtàn yìí, ẹ má gbèjà ẹ̀. Ẹ̀tọ́ mi ni. Kọfí tí mo ti sè fún obìnrin yẹn fẹ́ẹ̀ pọ̀ tó omi odò Sava.

Afẹ́fẹ́ tí mò ń wí yẹn, tó ń gba ojú fèrèsé kan wọlé tó ń gba ti òdìkejì jáde, promaja là ń pè é. Kò sí àgbàlagbà nílùú yìí tí kì í sá fún un. Òun ló ń yí èèyàn lọ́rùn, òun ló ń jẹ́ kí eyín máa ro, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀yìn ọkùnrin gan pa tí kò fi ní lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà. Èmi náà ń sá fún un. Àmọ́ ti Desanka ju ti gbogbo wa lọ, torí ó gbà pé promaja ló pa ọkọ òun. Bogoljub jókòó sáàárín fèrèsé méjì lọ́jọ́ kan, ó ń wo bọ́ọ̀lù, Desanka sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà tó kú. Dókítà ní ọkàn ẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Desanka ní ọmọdé ni dókítà yẹn, kí ló mọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Iskra. Iṣẹ́ ọnà ló ń ṣe, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń kùn sórí pátákó kí wọ́n fi kọ́ sára ògiri. Iskra lè kó àga àti okùn àti iná jọ sínú yàrá kan, kó ní kẹ́ ẹ wá wò ó, ẹ ó sì wò ó títí ọ̀fun yín á fi gbẹ. Lọ́jọ́ tí a ń ṣe ogójì ọjọ́ Bogoljub, ilé kún, èéfín àbẹ́là pọ̀, ti sìgá àwọn àna tún pọ̀ jù ú lọ. Iskra bá dìde, ó ṣí fèrèsé ilé ìdáná, ó ṣí ti pálọ̀. Kọ́tìnì fò sókè. Desanka lanu, ó pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo ẹbí, "Ti bàbá ẹ ò tó ẹ, àfi kó o pa èmi náà?"

Iskra mú kóòtù ẹ̀, ó sì jáde. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún là á fi fà á mọ́ra, àmọ́ Desanka fi tòsì nà tán, ó wá ki tọ̀tún bọ àpò. Láti ìgbà náà, odò kan péré ló wà láàárín ilé wọn, orí fóònù nìkan ni wọ́n sì ti ń ríra. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn ògiri. "Ṣé o ti jẹun?" "Mo ti jẹun, Màámi." "Ṣé òtútù ò mú?" "Kò mú." Ó parí nìyẹn. Desanka á gbé fóònù sílẹ̀, á wá fọ àwo tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan lóṣù kẹwàá, mo lọ ra búrẹ́dì. Mo dé ibùdókọ̀, mo gbójú sókè, mo rí orúkọ Iskra Marjanović lára gíláàsì ibùdókọ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó búrẹ́dì ọwọ́ mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ń ṣí iṣẹ́ ẹ̀ tuntun lọ́jọ́ Sátidé ní ilé iṣẹ́ ọnà ńlá tó wà létí odò, èyí tí wọ́n ń kó iṣẹ́ àwọn tó lórúkọ sí. Mi ò dúró de lífìtì. Pẹ̀lú orúnkún mi yìí, mo gun àtẹ̀gùn, mo sì gbá ògiri ilé ìdáná pẹ̀lú ìpọnbẹ̀.

"Desa, dìde! Orúkọ ọmọ ẹ wà ní ibùdókọ̀."

"Kí ló ṣe? Ṣé ọlọ́pàá ń wá a ni?"

"Ọlọ́pàá wo? Ó ti di èèyàn ńlá. Wọ bàtà, ká lọ."

Kò tilẹ̀ wọ bàtà. Sílípáàsì ilé ló wọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ìborùn lórí ẹ̀wù ìsùn. Ó dúró níwájú gíláàsì yẹn, ó gbọ́wọ́ lé orúkọ náà, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń nu eruku. Inú ẹni kì í dùn ká pa á mọ́ra. Ó yíjú sí àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. "Ọmọ mi nìyí," ó wí fún ọkùnrin kan tó gbé ajá. "Èmi ni mo bí i." Ó sọ fún obìnrin tó ń ta ìwé ìròyìn. Ó sọ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì nígbà tó dé, awakọ̀ náà sì kí i kú oríire kó tó ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé á sọ fún ajá náà.

Inú lífìtì la wà tá à ń padà lọ sókè nígbà tó yíjú sí mi lójijì.

"Kò pè mí, Vida."

"Ta ni?"

"Iskra. Àná la sọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá ó ti jẹun, ó ní òun ti jẹun. Kò sọ nǹkan kan nípa Sátidé." Ó ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀ nínú sílípáàsì. "Gbogbo ìlú ló pè, ó kọ ọ́ sára ibùdókọ̀. Èmi nìkan ni kò pè."

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyẹn, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín. Desanka fẹ́ lọ gan-an. Ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá dé ibẹ̀, ọmọ òun á wo òun láàárín àwọn èèyàn yẹn, á sì yíjú síbòmíràn. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ó mọ̀ pé òun ò tún ní lágbára àtigbé fóònù mọ́.

Kò sígbà tí fóònù dún lọ́sẹ̀ yẹn tí mi ò gbọ́ kí àga ṣubú nílé ẹ̀. Nígbà míràn ilé iṣẹ́ mànàmáná ni, nígbà míràn àbúrò ẹ̀ láti Čačak. Ó bá Iskra sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣé o ti jẹun? Mo ti jẹun. Mo fetí mọ́ ògiri, mò ń gbàdúrà pé kí ọ̀kan nínú àwọn olórí kunkun méjèèjì yìí la ẹnu. Kò sẹ́ni tó là á. Inú wá bí mi. Mo gbé kọfí mi, mo lọ bá a.

"Desa, ṣé wọ́n máa ń pe èèyàn sí slava?"

Ó wò mí bíi pé orí mi ti yí. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń pè sí slava. Lọ́jọ́ ẹni mímọ́ ìdílé wa, a ó sebẹ̀, a ó tan àbẹ́là, a ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, a ó sì jókòó. Ẹni tó bá mọ̀ wá á wá fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n pe òun, àlejò ni, kì í ṣe ará ilé.

"Slava ni slava," Desanka wí. "Èyí, ilé iṣẹ́ ọnà ni."

"Ọjọ́ ńlá ọmọ ẹ ni. Ó ti ṣílẹ̀kùn. Ó kù kó o ríran."

"Bó bá lé mi jáde ńkọ́?"

"Bó bá lé ẹ jáde, a ó jọ jáde. A ó jókòó létí Sava, a ó mu ọtí rakija, a ó bú u. Àmọ́ bó ò bá lọ, èmi ni màá máa gbọ́ ẹkún ẹ láti ẹ̀yìn ògiri, mi ò sì lágbára ẹ̀ mọ́."

Ní àárọ̀ Sátidé, mo gbóòórùn wàràkàṣì àti bọ́tà nínú ààrò. Gibanica, àkàrà oníwàràkàṣì ilẹ̀ wa, ló ń yan. Obìnrin ilẹ̀ wa kì í yan gibanica láìníbi tó ń gbé e lọ. Mo bá dìde, mo wá bàtà mi tó dáa.

Ẹ bá rí i nígbà tó jáde. Ó wọ síkẹ́ẹ̀tì àti kóòtù aláwọ̀ búlúù tó wọ̀ lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì ẹ̀, ó kun ètè, ó ṣe irun lọ́nà tó fi dúró bí ẹ̀fọ́ kábéèjì. Ó dé ìdajì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó padà, ó lọ yí ìborùn, ó jáde, ó tún padà lọ yí bàtà. Mo ní kó máa bọ̀ kí ilé iṣẹ́ ọnà tó wó. Ó gbé gibanica sínú báàgì, ó fi aṣọ ìnujú wé e kó má bàa tutù, ó sì ní òun ló máa gbé e, èmi á jẹ́ kó já bọ́.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń wa tíráàmù tí a wọ̀. Desanka lọ dúró lẹ́yìn ẹ̀ gẹ́ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀. Ọmọ náà wò ó nínú díńgí, ó tún wò ó.

"Màmá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni Desa Fèrèsé?"

"Èmi ni. Èmi ni, ọmọ mi. Mò ń lọ wo iṣẹ́ ọmọ mi ní ilé iṣẹ́ ọnà ńlá. Ó wà lára ibùdókọ̀."

"Orúkọ yín ṣì wà lára ògiri yàrá ìsinmi àwa awakọ̀ títí di òní," ọmọ náà wí, ó sì na ọwọ́, ó ti fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pátápátá. Mo rò pé Desanka máa fò látinú ọkọ̀ bí ẹyẹ. Títí tá a fi sọ̀ kalẹ̀, ojú ẹ̀ ń dán, ó ń kọ orin kan jẹ́jẹ́, orin tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ látìgbà tí Bogoljub ti lọ.

Ilé náà funfun, gíláàsì ẹ̀ ń ta oòrùn padà sínú odò, èèyàn sì pọ̀ níwájú ẹ̀ tí wọ́n ń mu sìgá, àwọn ọmọge oníbàtà gogoro, àwọn ọkùnrin tó so irun mọ́ orí. Desanka di apá mi mú. Nínú, ilẹ̀ ń dán débi pé mo bẹ̀rù àtitẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin tó ń gba kóòtù ní òun máa bá wa gba báàgì. Desanka ní rárá, nǹkan gbígbóná wà nínú ẹ̀. Ọmọ náà wo ojú ẹ̀, ó sì fi báàgì sílẹ̀ fún un.

Mi ò tíì wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Nínú gbọ̀ngàn àkọ́kọ́, obìnrin kan tí wọ́n fi aṣọ rán nà gbalaja sílẹ̀, ó gùn tó bọ́ọ̀sì méjì, àyà ẹ̀ sì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀.

"Vida, ó ń mí," Desanka wí. "Gbọ́, ó ń mí."

"Mo ti rí i."

"Wo ìka ẹsẹ̀ ẹ̀. Wọ́n rán èékánná sí i!" Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ojú rírán bí ẹni tó fẹ́ ra á. A wọ yàrá kan tí ilẹ̀ ẹ̀ jẹ́ díńgí, àwa méjèèjì di síkẹ́ẹ̀tì wa mú ṣinṣin a sì sáré kọjá, a ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé ìwé. A rí ẹ̀rọ kan tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ya òbírí sínú iyanrìn, tó tún ń pa á rẹ́. Desanka ní kí a dúró wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ó ní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Nígbà tó wá di pé a dé ibi tí wọ́n kó bíríkì jọ sáàárín yàrá lásán, mo ní irú èyí wà lẹ́yìn gáréèjì mi, kò sì sẹ́ni tó gbé wáìnì wá wò ó rí.

"Pa ẹnu ẹ mọ́, Vida," Desanka wí, ó wo ẹ̀yìn. "Ìyá ẹni tó ṣe é lè wà níbí."

Mo pa á mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Òkè pátápátá ni ti Iskra wà. A ń gun àtẹ̀gùn, a ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn èèyàn àti ìró kan bí ìgbà tí aṣọ bá ń fẹ́ lórí okùn. Desanka ń tún ìborùn ẹ̀ ṣe, ó ń tú u, ó ń tún un ṣe. A débẹ̀, mo sì kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Ilé ìdáná ni. Wọ́n fi pátákó funfun kọ́ ọ sáàárín gbọ̀ngàn ńlá náà, ó ga ju ilé ìdáná èèyàn lọ, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n. Tábìlì ẹ̀gbẹ́ ògiri, rọ́bà orí ẹ̀ tó ní àwòrán èso ṣẹ́rì, ìkòkò kọfí tí etí ẹ̀ kán, àga kan ṣoṣo. Fèrèsé gogoro méjì kọjú síra, méjèèjì ṣí gbayawu, fáànù ńlá kan sì wà níbì kan lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn. Atẹ́gùn ń tú wọlé, ó ń gbé kọ́tìnì funfun fò títí dé àárín yàrá, gígùn kọ́tìnì náà kò kéré, ó ń jà lórí àwọn èèyàn. Irun ń fò, ìwé ń fò, fìlà bàbá kan ń yí lọ nílẹ̀, gbogbo wọn sì ń rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún wò. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, ẹsẹ̀ ń yún mi láti sáré wọ inú ẹ̀.

Desanka dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Rọ́bà tábìlì mi," ó wí jẹ́jẹ́. "Ìkòkò mi." Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló fẹ́ rín tàbí ẹkún.

Ìgbà náà ni ó rí ọmọ ọwọ́ kan. Bàbá ẹ̀ so ó mọ́ àyà, ó dúró gangan sí ojú promaja, orí ọmọ náà ò ní fìlà, irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ orí ẹ̀ sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí n tó lanu, Desanka ti gbé báàgì gibanica lé mi lọ́wọ́. Ó gba àárín kọ́tìnì kọjá bí ọkọ̀ ojú omi, ó dé ibi fèrèsé, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í, ó sì fi ìdè dè é.

Kọ́tìnì balẹ̀. Gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbọ̀ngàn dákẹ́ débi pé mo gbọ́ tí ọmọ ọwọ́ náà sín.

"Ẹ ò rí i?" Desanka wí fún bàbá ẹ̀. "Ó ti mú un."

Ẹ̀ṣọ́ yàrá náà, ọkùnrin kan tí irunmú ẹ̀ nípọn tó ń jẹ́ Tihomir, ń sáré bọ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Wọn kì í fọwọ́ kan nǹkan níbí."

"Ẹ ṣí fèrèsé méjì, ọmọ ọwọ́ wà nílé. Ṣé wọn ò bí ẹ̀yin ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn onírun síso sún mọ́ ọn, ohùn ẹ̀ rọ̀ bíi ti dókítà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò dáa. "Màmá, ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́. Atẹ́gùn yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Òun ni ayàwòrán fẹ́ ká wá rí."

Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń wọ Desanka lára. Ó wo kọ́tìnì tó so kalẹ̀. Ó wo fèrèsé, ó wo ọwọ́ ara ẹ̀. Àwọ̀ ojú ẹ̀ yí padà, pupa ètè ẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀.

"Vida," ó wí. "Mo tún ti ṣe é. Lójú gbogbo èèyàn. Mo tún ti ṣe é fún un." Ó di apá mi mú. "Mú mi jáde kó tó rí mi."

Inú bí mi sí gbogbo wọn níbẹ̀, sí onírun síso náà, sí fáànù náà, sí ara mi tí mo wí ọ̀rọ̀ slava. A yíjú sí ọ̀nà. Tihomir ti na ọwọ́ sí ìdè fèrèsé láti ṣí i padà.

"Ẹ má ṣí i."

Iskra ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó ti gé irun ẹ̀ kúrú, ó wá jọ Bogoljub bíi pé ìbejì ni wọ́n. Àwọn èèyàn yà fún un. Kò wo èmi, kò wo àwọn èèyàn ńlá ẹ̀. Ojú ìyá ẹ̀ ló ń wò, kò sì yíjú kúrò níbẹ̀.

"Bọ̀dá Tihomir," ó wí, "ẹ bá mi sọ fún wọn. Kí ni mo pe yàrá yìí?"

Tihomir nu iwájú orí. "Ìyá Mi Ò Sí Nílé. Bó ṣe ń jẹ́ nìyẹn."

"Ó dáa," Iskra wí. "Wọ́n ti dé báyìí. Ìgbà tí wọn ò bá sí nílé nìkan ni fèrèsé méjì lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà nílé wa."

Onírun síso ń wo bàtà ẹ̀.

"O ò pè mí," Desanka wí.

"Ta ni wọ́n ń pè sí slava, Màámi?"

Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún Desanka níhà, mo gún un dáadáa. Mo ti sọ fún un. Mo fẹ́ kí ẹnì kan bi mí kí n lè sọ pé mo ti sọ fún un, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi mí, torí Desanka ti fi mí sílẹ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀. Ó gbá a mọ́ra, ó sì dì í mú. Nígbà tó tú u sílẹ̀, ó wo ọrùn ẹ̀, ó ṣíwọ́ ẹkún lẹ́sẹ̀ kan náà.

"Ọrùn ẹ wà ní gbangba báyìí, o sì wà nínú promaja látàárọ̀?" Ó ń tú ìborùn tara ẹ̀, ó ń so ó mọ́ ọmọ náà lọ́rùn. "Àti irun tó o gé. Ta ló ní kó o gé e? Ó dáa lára ẹ. Ṣé o ti jẹun?"

Mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn láti ẹ̀yìn ògiri títí ó fi sú mi, mo sì mọ ìdáhùn ẹ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Iskra fi ọwọ́ kan ìborùn lọ́rùn ẹ̀.

"Mi ò tíì jẹun, Màámi."

Mo gbé báàgì lọ sórí tábìlì, sórí rọ́bà oníṣẹ́rì náà, mo sì ń tú aṣọ ìnujú lára gibanica. Tihomir ní wọn kì í jẹun nínú ilé yìí. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ wa, tó bèèrè bóyá wàràkàṣì inú ẹ̀, ti abúlé ni.